Òòyà Tí Ìyá Mi Lọ Rà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọjọ́ Àlàmísì ni ọjọ́ irun nínú agbolé wa. Lẹ́yìn ìrun Alásárì, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀, ìyá mi á gbé àpótí sí abẹ́ igi emi tó wà lẹ́yìnkùlé, á jókòó, á fi orí mi há àárín orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ rẹ̀ le. Bí mo bá yí orí, á fi ẹ̀yìn òòyà kan mi ní èjìká, á ní kí n jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ máa ka èyí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìlera, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bí mi ò bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, ẹ máa rò pé àìsàn tí mo fẹ́ sọ yìí ni wọ́n bí ìyá mi mọ́. Ìyá tó ń di irun ọmọ rẹ̀ ni.

Ìlú wa kò jìnnà sí Òtu. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, mi ò sì ní dárúkọ ara mi. Àgbẹ̀ ni bàbá mi; iṣu, ọkà bàbà àti ẹ̀gúsí ló ń gbìn. Ìyá mi a máa ṣe òrí tà. Ọdún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́wàá ló bí ọmọkùnrin kan, ọmọ náà kò sì dé ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Láti ọjọ́ kẹta tí wọ́n sin ín ni ìyá mi kò ti sùn mọ́. Á máa bá odó sọ̀rọ̀. Á ní òun ń gbọ́ igbe ọmọ nínú kànga. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbéra, ó kọrí sí ọ̀nà oko láìwé gèlè, láìwọ bàtà, ó sì ti rìn jìnnà kí àwọn ará ilé tó bá a.

Àwọn àgbà mọ orúkọ àìsàn náà. Àbísínwín ni. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ohun kan náà ni mo sì ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn: ẹ má jẹ̀ẹ́ kó wọjà o.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ṣì ní ìwòsàn níwọ̀n ìgbà tí kò bá tíì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ọjà. Bó bá ti wọjà pẹ́nrẹ́n, ó bùṣe. Wọ́n ní ọjà ni tènìyàn tẹ̀mí ti ń pàdé, pé aláìsàn tó bá dé ibẹ̀ ti di ti àwọn ẹ̀mí náà, kò sí oògùn tó lè gbà á padà mọ́. Mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí kò gbà á gbọ́, ìbáà jẹ́ Mùsùlùmí, ìbáà jẹ́ ọmọ ìjọ, ìbáà jẹ́ ẹni tó kàwé.

Bàbá mi gbé e lọ sí ọsibítù, dọ́kítà kọ abẹ́rẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ní abẹ́rẹ́ nìkan kò tó. Ààfáà kan wà ní ìlú kan lápá Ṣakí tó ń tọ́jú irú wọn nínú ilé rẹ̀. Àṣà ibẹ̀ ni pé aláìsàn gbọ́dọ̀ mú ẹnìkan láti ilé wá, ẹni tí yóò máa dáná fún un, tí yóò sì máa fọ aṣọ rẹ̀. Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní iṣẹ́ oko pọ̀. Ìyàwó kejì bàbá mi lóyún, wọ́n ní aboyún kì í wo irú èyí. Ó wá ku èmi. Bàbá mi yọ mí kúrò nílé ìwé, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń lọ kó iṣu ló gbé wa débẹ̀. Nígbà tó fẹ́ padà, ó di owó díẹ̀ sí etí ìró ìyá mi, ó sì gbé ọwọ́ lé mi lórí.

Ó ní, "Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ara ìyá ẹ á ti yá. Màá wá kó ẹ̀yin méjèèjì lọ sílé."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo ojú ọ̀run. Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni.

Aláìsàn márùn-ún ló wà nílé Ààfáà. Ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan wọn wà nínú àbà, ìtì igi ńlá tí wọ́n dá ihò sí láàárín. Wọ́n á ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, wọ́n á sì kan irin dí i kó má lè yọ. Àbà ti ìyá mi ti dán nítorí àwọn tó ti lò ó ṣáájú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé Ààfáà kì í ṣe ìkà. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn ìrun Àsùbáà, á kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sí ara wàláà, á fi omi ṣan án sínú igbá, á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé hàntú náà sí wọn lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ lòun náà ń jẹ. Mo ti rí i tó sunkún lórí ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ kọ̀ láti yá. Ṣùgbọ́n ó ní òfin, ó sì pè mí jókòó lọ́jọ́ kìíní. Ó ní bí ìyá mi bá pè mí, mi ò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ, nítorí kì í ṣe ìyá mi gan-an ló ń pè mí, àìsàn náà ni. Ó ní bí wọ́n bá yọ àbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, tí mo bá rí i pé ó kọrí sí ọ̀nà ọjà, kí n figbe ta, ohun yòówù kí n máa ṣe.

Ọjà náà kò jìnnà. Ẹ̀yìn mọ́sáláṣí ló wà. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, a máa ń gbọ́ ariwo rẹ̀ láti àgbàlá.

Báyìí ni mo ṣe lo ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Mò ń dáná, mò ń pọnmi, mò ń nu ilẹ̀ ibi tí ìyá mi jókòó sí. Bí mo bá dé ìdí kànga àdúgbò, àwọn ọmọdé á fa korobá wọn sókè, wọ́n á sún sẹ́yìn títí màá fi pọn tèmi tán. Wọ́n ń pè mí ní ọmọ ilé wèrè. Kò sí ẹni tó bá mi ṣeré rí. Ìyá mi wà ní ẹsẹ̀ méjì sí mi, ó ń pè mí, mo sì ń wo ògiri. Mo rò pé kò sí ẹni tó dá wà nínú ayé tó èmi, mi ò sì ro ti ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ tí ọmọ kò dáhùn.

Irun mi nìkan ló ń dàgbà. Eruku ọyẹ́ àti èéfín wọ̀ ọ́, ó lẹ̀ mọ́ra bí òwú tí òjò pa. Ìyàwó Ààfáà ní òun á bá mi dì í. Ó sọ bẹ́ẹ̀ títí. Ọmọdé ni mí, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò fẹ́ fi ọwọ́ kàn mí ni.

Ẹnìkan ṣoṣo tó ń wá láti ìta ni nọ́ọ̀sì dìsípẹ́ńsárì. Gbogbo ọjọ́ Àtàláátà ló ń gun kẹ̀kẹ́ wá fún ìyá mi lábẹ́rẹ́ tí dọ́kítà kọ, á sì wẹ egbò tí àbà dá sí i lọ́rùn ẹsẹ̀. Obìnrin onígbàgbọ́ ni. A máa kọ orin ìsìn jẹ́jẹ́ bó ṣe ń fa oògùn. Kò bá ìyá mi sọ̀rọ̀ rí. Èmi ló ń sọ fún. Á ní, "Sọ fún un kó yí ìdí." Á ní, "Bi í bóyá ó sùn." Ìyá mi á sì wà níwájú rẹ̀, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi áńkáṣífù bo imú. Kì í ṣe egbò ló ń rùn, nítorí èmi ni mò ń wẹ̀ ẹ́ ní àwọn ọjọ́ yòókù. Mo rò pé ó ń bẹ̀rù kí èémí ìyá mi má kó wèrè ràn án ni.

Òun àti Ààfáà kì í fẹnu kò lórí nǹkan kan. Ààfáà á ní, "Nọ́ọ̀sì, omi funfun yín tún dé." Nọ́ọ̀sì á ní, "Ó sàn ju omi dúdú tiyín lọ, Ààfáà. Tèmi kì í kun ènìyàn lẹ́nu." Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ràn ọjọ́ Àtàláátà nítorí ẹ̀rín yẹn. Kò sí ẹlòmíràn tó ń rẹ́rìn-ín nínú ilé náà.

Nígbà tí a wọ oṣù kẹta, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ó béèrè ọṣẹ. Ó jẹun láìfi ọwọ́ tú u ká. Ààfáà yọ àbà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ní hàntú ló ṣiṣẹ́. Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ ni. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ara wọn títí tí nọ́ọ̀sì fi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Ìyá mi gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gbá àgbàlá. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó ń wò mí. Ó fi oríkì mi pè mí. Láti ìgbà tí ọmọ yẹn ti kú, kò fi oríkì pè mí mọ́.

Ó ní, "Ta ló ń di irun fún ọ?"

Mo wo ògiri.

Ó ní, "Kò sí ẹni tó ń di irun fún ọ." Òun ló dá ara rẹ̀ lóhùn.

Ìkùukùu ti ń ṣú. Ààfáà wo ọ̀run, ó ní òjò kò ní kọjá ọ̀sẹ̀ kan mọ́. Mo ti ń di ẹrù wa lọ́kàn. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn èyí jẹ́ ọjọ́ ọjà. Mò ń fọ ìkòkò nígbà tí mo gbójú sókè, tí mo rí i pé ẹní ìyá mi ṣófo. Mo sáré dé ẹnu ọ̀nà. Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wé gèlè, ó ró aṣọ rẹ̀ dáadáa, ó wọ bàtà ìyàwó Ààfáà. Ó ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ, ó sì ti kọjá mọ́sáláṣí.

Mo tẹ̀lé e. Ó dúró níwájú ìyá arúgbó kan tó tẹ́ òòyà, dígí àti òwú sílẹ̀ lórí àpò. Ó mú òòyà onígi kan, ó fi àtàǹpàkò ra eyín rẹ̀ wò bí gbogbo obìnrin ṣe máa ń ṣe. Ó mú òwú dúdú. Ó ná an. Ìyá yẹn kọ̀. Ó fi díẹ̀ lé e. Ìyá yẹn rẹ́rìn-ín, ó gbà. Ìyá mi tú etí ìró rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ṣojú mi. Ẹni tí ara rẹ̀ ti yá ni mò ń wò, mo sì mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n ọjà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà. Gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nílé wa rú sókè nínú mi. Ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo la ẹnu, mo kígbe: "Ẹ gbà mí o! Ìyá mi ti wọjà!"

Ọjà dàrú. Àwọn èèyàn kó igbá wọn mọ́ra. Ìyá arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a rẹ́rìn-ín fò sẹ́yìn, dígí kan fọ́. Ọkùnrin mẹ́rin dì í mú. Kò jà. Ó kàn ń sọ jẹ́jẹ́ pé, "Irun ọmọ mi ni mo fẹ́ dì. Irun ọmọ mi ni mo fẹ́ dì." Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà ní, "Ẹ gbọ́ o, ìyàwó fẹ́ dirun." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òòyà yẹn bọ́ sílẹ̀. Mo rí i nílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, mi ò lọ mú un.

Wọ́n ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ àbà padà kí ọ̀sán tó pọ́n.

Nígbà tó di ọjọ́ Àtàláátà, nọ́ọ̀sì dé. Ó ti ṣí àpò rẹ̀ kí Ààfáà tó jáde.

Ààfáà ní, "Nọ́ọ̀sì, ó ti wọjà."

"Ta ló wọjà?"

"Ìyá yìí. Lọ́jọ́ ọjà."

Mò ń dúró kí ó bá a jiyàn. Gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń jiyàn lé. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì wo ìyá mi, ó mí kanlẹ̀, ó pa àpò rẹ̀ dé. Ó ní, "Háà. Ó parí nìyẹn." Ààfáà ní, "Ó parí." Nọ́ọ̀sì ní abẹ́rẹ́ tó kù máa wúlò fún ẹlòmíràn, òun kò ní lè máa gun kẹ̀kẹ́ wá fi ṣòfò.

Mo ní, "Ó wé gèlè, mà. Ó ná ọjà."

Nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. Kò bínú. Ó béèrè ni: "Ṣebí ìwọ lo kígbe?"

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó le gan-an, ó sì ní yìnyín nínú. Àwọn ọmọ àdúgbò ń ṣà á jẹ. Bàbá mi dé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, òun àti Ààfáà jókòó nínú yàrá. Nígbà tó jáde, ẹrù tèmi nìkan ló gbé. Mo wẹ̀yìn wo ìyá mi. Ó ń wò mí, ṣùgbọ́n kò pè mí. Ká ní ó pè mí ni, ǹ bá jẹ́ ẹ lọ́jọ́ náà. Mo ti búra nínú ara mi pé màá jẹ́ ẹ.

Nígbà tí a délé, irun mi kò gba òòyà mọ́. Abẹ ni wọ́n fi fá a. Nígbà òjò ọdún kejì ni awakọ̀ akẹ́rù kan mú ìròyìn wá pé ìyá mi ti kú, pé wọ́n ti sin ín síbẹ̀. Bàbá mi kò mú mi lọ. Títí di òní, mi ò mọ ojú oórì rẹ̀.

Mo dàgbà, mo lọ ilé ẹ̀kọ́ girama, mo lọ́kọ. Lẹ́yìn tí mo bí ọmọ mi kejì, èmi náà kò sùn mọ́. Mo gbọ́ igbe ọmọ nínú kànga, kànga kò sì sí nílé wa. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run bá mi san oore rẹ̀, kò dúró gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ọsibítù ńlá ló gbé mi lọ tààrà. Nọ́ọ̀sì kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn mi, ó ní, "Kí ni orúkọ yín, ìyá?" Èmi ló bi, kì í ṣe ọkọ mi. Mo sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Oògùn ni wọ́n fi tọ́jú mi, mo ṣì ń lò ó, hóró kan lójúmọ́. Inú agolo èlùbọ́ ni mò ń fi í pamọ́ sí. Àwọn ọmọ tí mo bí rò pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Láti ìgbà náà, mi ò wọ ọjà mọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún. Iwájú ilé ni mo ti ń tajà tèmi. Bí mo bá fẹ́ nǹkan, mo máa ń rán èèyàn. Àwọn ará àdúgbò ní ìgbéraga ni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa rò bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìlera láti ojúlé dé ojúlé yà lọ́dọ̀ mi mu omi. Ọmọ dáadáa ni, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti máa ń sọ fún wa pé àìsàn ọpọlọ kò yàtọ̀ sí ibà, pé ó ní oògùn. Ó ń fagi lé orúkọ kan nínú ìwé rẹ̀. Mo béèrè ẹni tó ni orúkọ náà. Ó ní ìyá ọlọ́mọ tuntun kan ní àdúgbò ẹ̀yìn wa ni, tí òun ti ń gbé oògùn fún.

Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n wọ́n ní ó ti wọjà lánàá, Màmá."

Mo ní, "Kí ló lọ ṣe níbẹ̀?"

"Màmá?"

"Kí ló lọ rà?"

Ó wò mí. Ó ní, "Mi ò béèrè, mà."

Mo wá sọ fún un. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, ọkọ mi pàápàá kò gbọ́ ti òòyà. Mo ní, "Ìyá tèmi náà wọjà. Òòyà ló lọ rà, ó fẹ́ di irun mi." Mi ò sọ ti oògùn inú agolo. Ìyẹn ṣì ń bà mí lẹ́rù. Ọmọ náà gbé ife sílẹ̀, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó lọ. Mo jókòó ti ife omi yẹn pẹ́, mò ń rò pé kò ní wá sílé mi mọ́.

Ọjọ́ kejì ó padà wá. Kò jókòó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ata ni, Màmá. Ọbẹ̀ ti tán nílé, kò sí ẹni tó máa rán. Ata ló lọ rà." Ó fi ìwé rẹ̀ hàn mí. Ó ti tún orúkọ náà kọ.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ayé ti yí padà. Nígbà tiwa, àbà ni; lóde òní oògùn wà ní ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa, wọ́n sì ń kọ́ yín ní ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ nọ́ọ̀sì ìgbà náà. Mi ò bá a jà mọ́. Ohun tí gbogbo ayé mọ̀ lòun náà mọ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀kọ́ lè wọlé kí ohun àtijọ́ má sì jáde, kí àwọn méjèèjì jọ máa gbé inú orí kan. Ẹ máa béèrè ohun tó lọ rà. Òun nìkan ni mo ní láti kọ́ yín.

Lọ́jọ́ ọjà tó kọjá, mo wé gèlè, mo wọ bàtà, mo lọ. Òòyà oníke ló kún ọjà báyìí. Ó pẹ́ kí n tó rí onígi. Mo fi àtàǹpàkò ra eyín rẹ̀ wò. Mo mú òwú dúdú mọ́ ọn. Mo ná an, ọmọbìnrin tó ń tà á rẹ́rìn-ín, ó gbà. Mi ò tètè kúrò níbẹ̀. Mo dúró láàárín ọjà pẹ̀lú òòyà lọ́wọ́, mò ń tẹ́tí. Kò sí ẹni tó kígbe.